Sítáǹpù Kọ́bọ̀ Méjì àti Lẹ́tà tí A Fi Wé Àkàrà

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní Ìlémọnà, lẹ́bàá Ọ̀fà, tí ó mú mi gbé gègé. A ti sin ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àgbàlagbà tí ó gbó tí ó tọ́, a sì jókòó sábẹ́ igi ní iwájú ilé, à ń jẹ àkàrà tí àwọn obìnrin ilé dín gẹ́gẹ́ bí àṣà òkú àgbà. Olùkọ́ fẹ̀yìntì méjì wà níbẹ̀, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yún, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú náà. Láti fi pa ìrònú rẹ́, mo ń sọ ìtàn sítáǹpù Èkó kan fún wọn: sítáǹpù kọ́bọ̀ méjì tí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣèèṣì lu òǹtẹ̀ ààbọ̀ kọ́bọ̀ lé lórí ní ọdún 1893. Mo sọ fún wọn pé bí ọ̀kan nínú irú rẹ̀ bá bọ́ sí gbàǹjo ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni àwọn aṣàkójọ yóò fi dù ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Olùkọ́ kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Òyìnbó mà lówó ìdànù o! Bébà tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé ni wọ́n ń rà bí ẹni ń ra ilé, tí àṣìṣe sì tún wà lára rẹ̀!”

Èkejì fa ojú ro. Ó ní, “Ẹ má fi ṣe ẹ̀rín, ẹ̀gbọ́n. Ohun wa ni wọ́n kó lọ. Ẹ jẹ́ kí ìjọba lọ gbà á padà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gba àwọn ère Ìbíní.”

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, nítorí àgbà ni wọ́n, ẹ̀kọ́ sì wà lórí wọn. Ṣùgbọ́n n kò lè gba ọ̀rọ̀ èyíkéyìí nínú wọn wọlé, nítorí èrò méjì yìí ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé wa níbi gbogbo, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì ń pa wá lára. Ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín kò mọ ohun tí ó sọ bébà náà di ọ̀wọ́n. Ẹni tí ó ń bínú kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ìbá ti ṣẹlẹ̀ sí i ká ní ó wà lọ́wọ́ wa. Èrò tèmi ni pé ìpamọ́ ni iyì bébà náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti pé ohun tí a kò ní ní ilẹ̀ wa kì í ṣe sítáǹpù, kì í sì í ṣe owó tí a ó fi rà á. Ìpamọ́ ni.

A kì í dájọ́ ohun tí a kò rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí sítáǹpù náà jẹ́. Ọdún 1852 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ọdún 1874 ni Èkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo sítáǹpù tirẹ̀. Orí Ọbabìnrin Victoria ni ó wà lára wọn. Ilé-iṣẹ́ De La Rue ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ó ń tẹ̀ wọ́n, ọkọ̀ òkun ni ó sì ń kó wọn bọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1893, ọwọ́ dá sítáǹpù ààbọ̀ kọ́bọ̀ ní Èkó, ọkọ̀ kò sì tíì dé. Wọ́n kó sítáǹpù kọ́bọ̀ mẹ́rin tí ó wà nílẹ̀, wọ́n lu ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ààbọ̀ kọ́bọ̀ lé wọn lórí níbẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì ń tà wọ́n bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe Èkó nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún kan náà ní Calabar, ní agbègbè tí a ń pè ní Niger Coast Protectorate nígbà náà, wọ́n gé àwọn sítáǹpù kan sí méjì, wọ́n sì lu iye tuntun lé àwọn mìíràn lórí, títí dé orí sítáǹpù ṣílè kan tí wọ́n sọ di ogún ṣílè.

Sítáǹpù kọ́bọ̀ mẹ́rin ti Èkó àti ti kọ́bọ̀ méjì jọ ara wọn bí ìbejì. Àwọ̀ àlùkò ṣíṣì ni ara àwọn méjèèjì. Ibi tí a kọ iye wọn sí nìkan ni ó fi ìyàtọ̀ hàn, dúdú lára ti mẹ́rin, búlúù lára ti méjì. Nínú ìkánjú ọjọ́ wọ̀nyẹn, sítáǹpù kọ́bọ̀ méjì bọ́ sáàárín ti kọ́bọ̀ mẹ́rin, òǹtẹ̀ sì bà á. Ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ kò kíyè sí i. Ẹni tí ó tà á kò kíyè sí i. Mẹ́rin péré ni ìwé àwọn onímọ̀ kà pé ó kù láyé: méjì tí a kò lò rí, méjì tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ti lu òǹtẹ̀ pa.

Ẹ wo ohun tí ó ń lọ nílẹ̀ Yorùbá ní àkókò yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1893, Gómìnà Gilbert Carter ti Èkó rin ìrìn àjò wọ inú ilẹ̀ wa. Ó dé Ọ̀yọ́, ó dé Ìbàdàn, ó dé Ìlọrin. Ọ̀fà ti ṣubú sọ́wọ́ Ìlọrin ní nǹkan bí ọdún 1887, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti fọ́n ká. Ọdún 1893 yìí ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Ìlọrin, tí wọ́n ti dojú kọ ara wọn ní apá ibí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tú ibùdó wọn ká. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ, àwọn olórí Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Èkó. Oṣù kan náà ni ìwé àdéhùn yìí àti àṣìṣe orí sítáǹpù yẹn. Bébà kékeré ni èkejì, bébà ńlá ni èkíní. Ẹ bi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga mẹ́wàá léèrè ibi tí bébà ńlá náà wà lónìí. Ẹ ó gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ. Ṣùgbọ́n bébà kékeré ní àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì lè tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti rí i.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ olùkọ́ tí ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àṣìṣe ni Òyìnbó ń ra. Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe ni wọ́n ń rà, ọjà ìbá kún. Ní ọdún 1962, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ sítáǹpù ìrántí Dag Hammarskjöld, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní ọdún 1961. Àwọ̀ yẹ́lò dorí kodò lára díẹ̀ nínú wọn. Ẹnì kan ra odidi ojú-ìwé kan tí ó ní àṣìṣe náà, ó sì ń yọ̀ bí ẹni tí ó wa wúrà kan. Kí ni olórí ilé-iṣẹ́ náà ṣe? Ó pàṣẹ pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tẹ àṣìṣe kan náà ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Ẹni tí ń yọ̀ gba ilé ẹjọ́ lọ, ṣùgbọ́n omi ti dànù. Àṣìṣe náà wà lára gbogbo wọn síbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fi owó gidi rà á. Ó hàn gbangba nígbà náà pé àṣìṣe nìkan kò níyì.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ọ̀wọ́n ni ó ń níyì. Ìyẹn sún mọ́ òtítọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni àkísà tí ìyá àgbà mi fi ń nu ìkòkò. Mélòó ni wọ́n fẹ́ rà á? Ohun ọ̀wọ́n tí kò ní ẹlẹ́rìí, ìdọ̀tí ni. Ẹ wo sítáǹpù Amẹ́ríkà mìíràn, ti ọdún 1918, tí ọkọ̀ òfuurufú inú àwòrán rẹ̀ dorí kodò. Ọgọ́rùn-ún péré ni ó bọ́ síta. Ẹni tí ó ń tà wọ́n fún àwọn aṣàkójọ fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ayé lè mọ ipò tí ó wà lójú-ìwé kí wọ́n tó ya á. Mẹ́rin tí ó so pọ̀ bọ́ sọ́wọ́ obìnrin aṣàkójọ kan. Olè jí wọn gbé ní ọdún 1955 níbi àfihàn kan ní Norfolk, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Olè ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó rò pé òun ti bo àṣírí ara òun. Ṣùgbọ́n wọ́n rí ọ̀kan gbà padà ní ọdún 1977, wọ́n rí èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní ọdún 2016, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Àríwá Ireland gbé ẹ̀kẹta dé ilé gbàǹjo kan ní New York. Ó ní ọ̀dọ̀ bàbá òun àgbà ni òun ti jogún rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ẹrù olè ni. Àwọn onímọ̀ wo ibi tí àwòrán dúró sí lára rẹ̀, wọ́n ṣí ìwé àkọsílẹ̀, wọ́n sì sọ nọ́ńbà rẹ̀ àti ẹni tí ó ni ín. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ti kọjá! Ohun tí àwọn olówó ń ra ní gbàǹjo nìyẹn. Wọ́n ń ra bébà tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ kò tíì kú.

Ǹjẹ́ èyí jọ ìwà òmùgọ̀? Ní tèmi, n kò rí ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́.

Ó ku olùkọ́ kejì, ẹni tí ó ń bínú. Ìbínú rẹ̀ ní ìdí, nítorí wọ́n jí wa lóhun kó ní òtítọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú Ìbíní, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ère ààfin lọ. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn; olè ni. Nígbà tí ilé gbàǹjo Sotheby's kéde ní ìparí ọdún 2010 pé àwọn fẹ́ ta ìbòjú eyín erin Ìyọba Idia, tí ó wà lọ́wọ́ àwọn àjogún ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bá ogun náà lọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà pariwo títí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ. Mo yọ̀ ní ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pe gbogbo ohun tí ó wà lókèèrè ní ẹrù olè ń ba ẹjọ́ Ìbíní jẹ́. A kò fi ìbọn gba sítáǹpù Èkó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lórí káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti tà á, ní iye tí ẹni tí ó bá ní ààbọ̀ kọ́bọ̀ lè san. Ọmọ Èkó tí ó lówó lọ́wọ́ lè rà á. Akọ̀wé, oníṣòwò, àlùfáà, gbogbo wọn ń kọ lẹ́tà ní Èkó ìgbà náà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kan tí ó wà lókèèrè ń kó sítáǹpù jọ sínú ìwé, àwa sì ń sọ tiwa sínú iná. Kí ni a fẹ́ gba padà lọ́wọ́ ẹni tí ó ra ohun tí a tà, tí ó sì tọ́jú ohun tí a jù nù?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ Áfíríkà tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ní erékùṣù Mauritius, ní ọdún 1847, wọ́n tẹ sítáǹpù oríṣi méjì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ní oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó wà lára wọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà sí èyí tí ó wí pé a ti san owó. Láti ìgbà náà ni ayé ti ń pa á nítàn pé alágbẹ̀dẹ tí ó fín wọn gbàgbé ohun tí wọ́n ní kí ó kọ. Àwọn olùwádìí tú ìwé àtijọ́ wò, wọ́n sì rí i pé ìtàn lásán ni. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ní ọdún 1993, wọ́n gbé lẹ́tà kan wá sí gbàǹjo ní Zurich. Oníṣòwò kan ní Mauritius ni ó fi ránṣẹ́ sí àwọn oníṣòwò wáìnì ní Bordeaux ní ọdún 1847, sítáǹpù méjèèjì sì wà lára rẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ni wọ́n rà á. Ẹ kíyè sí i: lẹ́tà òwò lásán ni, lẹ́tà ọtí! Ṣùgbọ́n ó wà ní odidi, pẹ̀lú orúkọ, pẹ̀lú òǹtẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́.

Ní ọdún 1993 yìí kan náà, ilé ìfowópamọ́ kan ní Mauritius àti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ da owó jọ, wọ́n ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú sítáǹpù méjèèjì padà sílé ní nǹkan bí mílíọ̀nù méjì dọ́là. Wọn kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Wọn kò dúró de ìjọba. Ní ọdún 2001, wọ́n ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń pè ní Blue Penny Museum ní Port Louis, inú rẹ̀ ni àwọn sítáǹpù náà sì wà. Inú mi dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dìde láti sọ pé kí àwa náà da owó jọ, ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé wa, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Mo sọ pé àkàrà ni à ń jẹ ní ọjọ́ náà. Nígbà tí mo jẹ tèmi tán, mo fẹ́ sọ bébà tí wọ́n fi wé e nù, mo sì rí i pé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run ni, irú èyí tí a fi ń kọ lẹ́tà ayé àtijọ́. Mo tẹ́ ẹ lé orúnkún mi. Lẹ́tà ni. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ ọ́, láti Kùmásì, ní èdè Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àbúrò rẹ̀ ni ó kọ ọ́.

Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ agbègbè Ọ̀fà mọ ohun tí ọdún 1969 jẹ́. Àìmọye ọmọ ilẹ̀ wa, láti Ọ̀fà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, ni ó ń ṣòwò ní Gánà, tí wọ́n ti bímọ, tí wọ́n ti kọ́lé. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Busia pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó jáde. Ojú-ewé tí ó wà lọ́wọ́ mi sọ nǹkan mẹ́ta: pé ó ku ọjọ́ mẹ́rin, pé àwọn ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ ṣùgbọ́n àwọn kò rí ẹni ra ilé, àti pé kí ẹ̀gbọ́n tọ́jú yàrá kan, nítorí àwọn ọmọ kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, kí ará ilé má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ibi tí ó ti ń sọ ọ̀nà tí àwọn yóò gbà bọ̀ ni bébà náà ti ya. Ìyókù wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, pẹ̀lú epo.

Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Àpótí onípákó kan wà níbẹ̀, ó ti kù díẹ̀ kí ó ṣófo. Ọmọbìnrin tí ń wé àkàrà kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá. Àwọn ìyá ní kí a lo bébà inú àpótí, wọ́n ní ìwé àtijọ́ ni.” Kò jẹ̀bi, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni ó ń jẹ́. Wọ́n ti pín aṣọ olóògbé. Wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, nítorí ìjà lè wà níbẹ̀. Àpótí ìwé nìkan ni ẹnikẹ́ni kò jà lé lórí. Àkàrà tí a dín láti fi yẹ́ ẹ sí, ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ni a fi wé e.

Kí n má baà dá ara mi láre, mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ilé ìwé, mo ń kó sítáǹpù jọ. Àpótí yẹn gan-an ni mo ń tú nígbà ìsinmi. Mo já sítáǹpù Gold Coast kúrò lára àwọn lẹ́tà náà, mo já àwọn ti ọdún 1957 tí wọ́n lu orúkọ Gánà àti ọjọ́ òmìnira rẹ̀ lé lórí, mo já àwọn tiwa tí ó ní àwòrán afárá Jẹ́bà. Mo rẹ wọ́n sómi, mo sá wọn, mo lẹ̀ wọ́n sínú ìwé. Mo sọ àpò lẹ́tà tí orúkọ àti òǹtẹ̀ wà lára wọn nù. Mo rò pé mò ń ṣe ìpamọ́. Ẹyẹ tí a tu ìyẹ́ rẹ̀, tí a sì ju ara rẹ̀ fún ajá ni mo fi wọ́n ṣe. Sítáǹpù tí mo já wà lọ́wọ́ mi síbẹ̀, wọn kò sì lè sọ fún mi ẹni tí ó rán wọn, ìlú tí wọ́n ti wá, tàbí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé. Ẹlẹ́rìí tí mo gé ahọ́n rẹ̀ ni wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ iyì iṣẹ́ tí a rán. Kí pósófíìsì tó dé ni a ti ń fi àrokò ránṣẹ́ síra wa. Owó ẹyọ mẹ́fà wí pé ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ wí pé èrò wa jọ. Ẹyọ kan tí ó bá yẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Àwọn tí wọ́n ń ka àrokò kò lè ṣe àìnáání. Ṣùgbọ́n ibo ni a ti lè ka ìtumọ̀ àrokò àwọn baba wa lónìí? Ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó ṣe kókó ni èyí tí àlùfáà C. A. Gollmer, ọmọ Jámánì, gbé jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1885. Èyí náà tún di ti ìpamọ́ ẹlòmíràn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì pé ìwé inú àpótí lè gba odidi ẹ̀yà là, kí ó rántí Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́. Ọkùnrin yìí, tí ó ti gbé ìwé Aláàfin lọ fún Gómìnà Èkó nígbà ogun Kírìjì, parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó. Ìwé náà sọnù sọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tú àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé ìdánrawò tí olóògbé fi sílẹ̀, ó sì tún odidi ìwé náà kọ. Nígbà tí wọ́n tún fi í ránṣẹ́, ọkọ̀ òkun Appam tí ó gbé e ni àwọn ará Jámánì mú lójú omi ní oṣù kìíní ọdún 1916, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Síbẹ̀síbẹ̀, ìwé náà jáde ní ọdún 1921. Ẹ bi ara yín léèrè: ká ní ní ọdún 1901, ẹnì kan nínú ilé ní Ọ̀yọ́ ti wí pé, “Ìwé àtijọ́ ni, ẹ fi wé àkàrà,” kí ni à bá máa pè ní ìtàn Yorùbá lónìí?

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní ebi ń pa wá, ìpamọ́ ìwé sì jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí ó yó. Mo ní irọ́ ni. A ra kẹ̀kẹ́ bísíkí tí ó ní ìdérí, a ra páànù, a ra ṣéènì fún ilẹ̀kùn tí a ti aṣọ òkè mọ́. Agolo bísíkíìtì kan tó láti gba lẹ́tà ogójì ọdún lọ́wọ́ ikán àti òjò. Àwọn mìíràn yóò ní àṣírí wà nínú lẹ́tà òkú, pé gbèsè, àlè àti ìjà ìdílé lè tú síta. Èyí ní ọgbọ́n nínú, n kò sì ní fi ojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bẹ̀rù àṣírí, kí ó di àpótí náà, kí ó sì kọ ọ́ sí i lára pé kí a má ṣí i títí ogún ọdún. Ọ̀nà tí à ń gbà bo àṣírí lónìí ni ó burú jù lọ: gbogbo ará àdúgbò ni ó ka lẹ́tà yẹn lójú àkàrà, àyàfi àwa ọmọ tí ó ni ín.

Àwọn kẹta yóò ní kí ìjọba wá ṣe é. Mo bi òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ó jókòó tì wá bóyá ọ́fíìsì wọn lè gba irú àpótí bẹ́ẹ̀ pa mọ́. Ó mi orí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹni tí ó gbé e wá rí.” Mo gbà á gbọ́. A kò gbé nǹkan kan dé ọ̀dọ̀ ìjọba, a sì ń bínú pé ìjọba kò tọ́jú rẹ̀.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Nígbà tí ẹbí bá jókòó láti pín ogún, kí wọ́n dárúkọ ẹnì kan tí yóò jogún ìwé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń dárúkọ ẹni tí yóò jogún ilé. Kí olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní ìkójọ sítáǹpù kọ́ ọ pé kí ó fi sítáǹpù sílẹ̀ lára àpò lẹ́tà, kí lẹ́tà sì wà nínú àpò rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ó ń dá owó fún gbọ̀ngàn àpéjẹ yọ yàrá kan sọ́tọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àpótí onírin, fún ìwé àwọn àgbà. Nígbà tí a bá ti ṣe èyí fún ogún ọdún, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a lọ ra sítáǹpù Èkó ti ọdún 1893 ní gbàǹjo, èmi ni yóò kọ́kọ́ dá owó. Ṣáájú ìgbà náà, ibi tí ó wà yẹn ni kí ó wà. Ọwọ́ tí kò jẹ́ kí epo kàn án ni ó mú un.

Àwọn àgbà ní ohun a ní là á náání. Ọmọ aṣẹ́gità náání èèpo igi. Àwọn olùkọ́ mi méjèèjì mọ òwe yìí ju mi lọ. Ẹni tí ń rẹ́rìn-ín dákẹ́ nígbà tí mo ka ojú-ewé náà fún wọn tán. Ẹni tí ń bínú na ọwọ́, ó gba bébà náà, ó fi etí agbádá rẹ̀ nu epo tí ó wà lára rẹ̀, ó sì tún un kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tú àkàrà tirẹ̀ tí kò tíì jẹ, ó yẹ bébà rẹ̀ wò. Ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé ni.

Lẹ́tà mọ́kànlá ni mo rí kó nínú àpótí náà, nínú èyí tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n wà nínú agolo lọ́dọ̀ mi báyìí. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tí ó bá ń lọ sí ìsìnkú ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó béèrè àpótí ìwé kí wọ́n tó gbé àkàrà wá.